Ijó Ààfin Òyìnbó Tí Bàbá Mi Kọ́

Kí n tó sọ ohunkóhun, ẹ jẹ́ kí n sọ èyí ná: mínuẹ́ẹ̀tì, ijó ààfin òyìnbó yẹn, kì í ṣe ijó. Mo ti wò ó, mo ti jó o, mo ti fara dà á ní gbogbo ọ̀sán Ọjọ́rú fún oṣù mẹ́rin gbáko, n kò sì tíì yí ohùn padà. Àwọn àgbàlagbà á dìde, wọ́n á na ọrùn bí ẹni tó ń wá èrò lókèèrè, wọ́n á tẹ orúnkún díẹ̀, wọ́n á gbéra lé ọmọ ìka ẹsẹ̀, wọ́n á sì máa rìn. Ìrìn lásán ni. Ibi tí wọ́n ti kúrò ni wọ́n tún ń padà sí. Ká ní ìyá mi wà láyé tí wọ́n rí i, wọ́n á béèrè bóyá bàtà ló ń ta àwọn ènìyàn náà lẹ́sẹ̀.

Bàbá mi ló fà mí wọ inú rẹ̀. Ọ̀gá ilé ìwé ni bàbá mi ní Ìbàdàn kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì, irú ọ̀gá tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ á gbọ́ ìró bàtà wọn lọ́nà jíjìn tí kíláàsì mẹ́ta á dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Nígbà tí ìyá mi kú, mo mú wọn wá sọ́dọ̀ mi ní Camp Springs, ní Maryland l'Amẹ́ríkà, níbi tí bàálù àwọn ológun ń gba orí òrùlé wa kọjá, tí àwo á sì máa gbọ̀n nínú kọ́bọ́ọ̀dù. Ọkọ mi ń jáde ní ìdájí lọ wọ ọkọ̀ ojúirin ní New Carrollton. Èmi náà ń wakọ̀ lọ sí Upper Marlboro, níbi tí mo ti ń to fáìlì àwọn tó ń pe ara wọn lẹ́jọ́. Láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́, bàbá mi nìkan ló ń dá wà nílé.

Wọ́n kọ́kọ́ ṣubú ní bálùwẹ̀. A ní omi ló wà nílẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kejì, ibi ìgbọ́kọ̀sí ṣọ́ọ̀ṣì ni, lójú gbogbo ìjọ. Egbò ìgbọ̀nwọ́ òsì wọn kò tíì jinná tí àbúrò mi ọkùnrin fi pè mí láti Texas. Àbúrò mi yìí kì í wá, ṣùgbọ́n ó ń pè. Tó bá jẹ́ pé ìmọ̀ràn ń gbé àgbà dìde nílẹ̀ ni, bàbá mi ì bá ti máa fò.

"Sister mi, ẹ gbọ́," ó ní. "We can't keep managing like this. Ẹ wà níbi iṣẹ́ all day. God forbid, but tí wọ́n bá tún ṣubú one more time, it's assisted living o. Mo ti ń wo àwọn place online."

Mo ń gé àlùbọ́sà ní kíṣìnnì, fóònù wà lórí sípíkà. Mo ní, "Ó dáa. Ẹ̀ẹ̀kẹta, mo gbà."

Bàbá mi mọ irú ilé ìtọ́jú arúgbó tí à ń sọ. Ní oṣù kan ṣáájú ìgbà náà, wọ́n ti tẹ̀lé mi lọ kí àgbà ṣọ́ọ̀ṣì wa kan tí àwọn ọmọ rẹ̀ gbé síbẹ̀. Ilé náà mọ́ tónítóní, oúnjẹ ń dé lásìkò, àwọn òṣìṣẹ́ ń rẹ́rìn-ín. Àgbà náà di ọwọ́ bàbá mi mú, kò fẹ́ fi sílẹ̀, títí olùtọ́jú kan fi wá rọra ja ìka rẹ̀ kúrò lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí a délé, bàbá mi kò jẹun. Wọ́n ní, "Má jẹ́ kí wọ́n gbé mi lọ síbẹ̀ o." Mo ní, "Ah, Dádì, ta ló ń gbé yín lọ?" Oṣù kan lẹ́yìn rẹ̀ ni mo dúró ti àlùbọ́sà tí mo ní mo gbà.

Dókítà tó yẹ ẹsẹ̀ wọn wò ní kò sí ohun tó ṣe eegun, kí wọ́n ṣáà máa ṣe eré ìdárayá kí ara wọn lè dúró dáadáa. Mo gba àyè lẹ́nu iṣẹ́ fún ọ̀sán Ọjọ́rú, mo sì mú wọn lọ sí gbọ̀ngàn àwọn àgbàlagbà tí kò jìnnà sílé wa. Ọmọbìnrin tó jókòó ní ẹnu ọ̀nà fún wa ní ìwé tí wọ́n to orúkọ kíláàsì sí. Bàbá mi na ìwé náà sí mi, wọ́n ní, "Kà á sókè." Mo rẹ́rìn-ín sínú. Ọ̀gá ilé ìwé kì í fẹ̀yìn tì tán. Mo kà á fún wọn bí ọmọ kíláàsì kẹta: eré inú omi, eré ìdárayá lórí àga, ìrìn yí ọgbà ká, ijó ààfin ilẹ̀ Yúróòpù láyé àtijọ́. Lábẹ́ ti ìkẹyìn yìí, wọ́n kọ ọ́ pé ijó tó ní ìwọ̀n ni, pé ọ̀nà tí olúkúlùkù yóò gbà ti wà nílẹ̀, ẹnikẹ́ni kò ní í ṣìnà.

"Tún ìyẹn kà," wọ́n ní.

Mo tún un kà.

"Òun ni mo fẹ́."

"Dádì, ijó òyìnbó?"

"Òun ni mo fẹ́."

Olùkọ́ ijó náà jẹ́ obìnrin òyìnbó kan tí kò lẹ́ran lára, tó ti tó ẹni ọgọ́ta ọdún, tó so ríbọ́ọ̀nù mọ́ bàtà bí ẹni pé ọdún márùn-ún ló ṣẹ̀ṣẹ̀ pé. Kí ó tó jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé ẹsẹ̀, ó jókòó, ó bẹ̀rẹ̀ ìtàn. Ó ní àwọn ará oko ilẹ̀ Faransé ló kọ́kọ́ ń jó o, kí ààfin tó gbà á lọ́wọ́ wọn, tí wọ́n fọ̀ ọ́, tí wọ́n lọ̀ ọ́. Kò sọ pé wọ́n lọ̀ ọ́ títí kò fi ní adùn kankan mọ́. Èmi ni mo fi ìyẹn kún un. Ó ní ọba kan wà níbẹ̀ tó fẹ́ràn ijó débi pé òun fúnra rẹ̀ ń kọ́ ọ lójoojúmọ́, tó sì dá ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀ fún àwọn olùkọ́ ijó. Ìjòyè tí kò bá mọ ẹsẹ̀ gbé di ẹni ẹ̀sín. Ọkùnrin kan àti obìnrin kan péré ló ń jó lẹ́ẹ̀kan, gbogbo ààfin á sì dúró yí wọn ká, wọ́n á máa wá àṣìṣe. Wọ́n tilẹ̀ ń kọ ijó náà sínú ìwé, wọ́n á fa ìlà tó ń fi ọ̀nà ẹsẹ̀ hàn lórí ilẹ̀.

Mo jókòó sórí àga ike lẹ́bàá ògiri, mo ń gbọ́. Mo ní sínú: ebi ń pa ará ìlú, ọba ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń tẹ orúnkún. Ọba tiwa náà ń jó, n kò jiyàn, ṣùgbọ́n bí ọba wa bá jó, ìlú á máa yọ̀ ni. Èyí, wọ́n ń jó kí wọ́n lè mọ ẹni tí wọ́n máa fi ṣe yẹ̀yẹ́. Olùkọ́ tún ní ijó yìí kan náà ni àwọn olóko tábà àgbègbè wa níbí ń jó nínú ilé ńlá wọn láyé ẹrú. Sójà kan wà láàárín àwọn tó ń kọ́ ijó náà, ará Amẹ́ríkà dúdú tó ti fẹ̀yìn tì láti ibùdó bàálù. Ó béèrè pé ta ló ń gbé àwo oúnjẹ kiri nígbà tí wọ́n ń jó. Olùkọ́ ní ìbéèrè tó dára gan-an ni, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì dá wa padà sórí ọ̀rọ̀ orúnkún.

Ẹsẹ̀ ijó náà nìyí, kí ẹ má baà ní mo ń purọ́ mọ́ wọn. Ẹ máa ka ení dé ẹ̀fà. Nínú ẹ̀fà yẹn, ẹsẹ̀ mẹ́rin péré lẹ máa gbé: ọ̀tún, òsì, ọ̀tún, òsì. Kí ẹ tó gbé àkọ́kọ́, ẹ tẹ orúnkún. Bí ẹ bá ti gbé e, ẹ dìde lé ọmọ ìka. Èkejì, bẹ́ẹ̀ náà. Ẹ̀kẹta àti ẹ̀kẹrin, ẹ kàn rìn ín. Èjì tó ṣẹ́kù nínú ẹ̀fà, orúnkún ti jẹ ẹ́. Ó parí. Ohun tí àwọn ọmọ ọlọ́lá ń lo ọ̀pọ̀ ọdún lé lórí nìyẹn. Àwọn àgbà wa ní ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ó ju èje lọ. Ní ti mínuẹ́ẹ̀tì, ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ení náà ni.

Ọ̀nà orí ilẹ̀ wá dà bí lẹ́tà Z. Ẹni méjì á kojú ara wọn láti igun méjì, wọ́n á kọjá ara wọn láàárín, èjìká ọ̀tún sí èjìká ọ̀tún, oníkálukú á sì bọ́ sí igun ẹnìkejì rẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n á fún ara wọn lọ́wọ́ ọ̀tún, wọ́n á yí po. Wọ́n á fún ara wọn lọ́wọ́ òsì, wọ́n á yí po. Níkẹyìn, ọwọ́ méjèèjì. Orin rẹ̀ ń ti inú ẹ̀rọ kékeré kan jáde, ohun èlò kan tó ń dún bí ìgbà tí ṣíbí ń bọ́ sínú abọ́ irin. Bí ẹnikẹ́ni bá gbé ẹsẹ̀ mẹ́rin láìṣubú, olùkọ́ á ní, "Ó rẹwà!" Mo ti rí ènìyàn tó ń yin ẹlòmíràn nítorí pé ó rìn rí, ṣùgbọ́n ọmọ oṣù mọ́kànlá ni wọ́n ń yìn nígbà náà.

Ohun tó bí mi nínú jù ni pé bàbá mi mọ̀ ọ́n. Kò tó oṣù kan tí àwọn tó ti wà níbẹ̀ láti ọdún tó kọjá fi ń wo ẹsẹ̀ wọn láti mọ ibi tó kàn. Yorùbá ni wọ́n fi ń kà á lẹ́nu, ení, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin. Nílé, wọ́n ń kà láti yàrá dé kíṣìnnì, láti kíṣìnnì dé ẹnu ọ̀nà. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, wọ́n á ní kí n ka ìwé tí olùkọ́ pín fún wọn. Wọ́n ní gíláàsì wọn ti wà nínú ẹrù tí wọ́n fi sílẹ̀ ní Ìbàdàn. Mo ní kí a lọ ra òmíràn, wọ́n ní kí n má wulẹ̀ ṣe wàhálà. Mo kà á fún wọn, mo ń fi ohùn mi ṣẹ̀sín gbogbo ọ̀rọ̀ inú rẹ̀, wọn kò sì bá mi rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n wọn kò ṣubú mọ́. Ìyẹn nìkan ni mo rí gbà nínú ọ̀ràn náà.

Ní ọjọ́ Ìsinmi kan, obìnrin kan nínú ẹgbẹ́ akọrin dá mi dúró lẹ́yìn ìsìn.

"Mummy, ẹ jọ̀ọ́, is it true pé Daddy ń ṣe ballet?"

"Kì í ṣe ballet."

"Ah, okay o. A rí i lórí page àwọn centre yẹn ni. Daddy fine gan-an! With stockings!"

Kò sí ìbọ̀sẹ̀ gígùn kankan. Ṣòkòtò tí wọ́n ń wọ̀ lọ sí ìpàdé àwọn àgbà ìjọ ni wọ́n wọ̀. Obìnrin yìí fúnra rẹ̀ kò lè kọ orin kan kó má bọ́ síta lójú ọ̀nà, ẹ̀rín ló ń fi ọwọ́ bò lẹ́nu nítorí bàbá mi. Síbẹ̀, ojú tì mí. Mo délé, mo bẹ̀ wọ́n kí a pààrọ̀ rẹ̀ sí eré inú omi.

"Ṣé mo ti ṣubú?" wọ́n ní.

"Rárá, sà."

"Jẹ́ kí n máa jó nígbà náà."

Nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ márùn-ún kí kíláàsì náà jó fún àwọn ènìyàn, arúgbó obìnrin tó ń bá bàbá mi jó kó lọ sọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ ní Florida. Olùkọ́ wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó rí mi lórí àga ike mi. Mo kọ̀. Mo ní mo ní iṣẹ́, mo ní ẹ̀yìn ń dùn mí, mo ní mo kàn ń wò wọ́n ni, n kì í ṣe ọmọ ẹgbẹ́. Bàbá mi kàn dúró ní igun wọn láàárín gbọ̀ngàn, wọ́n na ọwọ́ bó ṣe yẹ, kò sì sí ẹnìkejì. Mo bọ́ bàtà mi.

Kí ijó tó bẹ̀rẹ̀, ẹ máa kọ́kọ́ tẹríba fún àga òfìfo kan níwájú, nítorí ibẹ̀ ni ọba ì bá jókòó sí. Mo bi olùkọ́ bóyá ọba náà ń bọ̀. Kò rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn àga lẹ tó máa kí ẹnìkejì yín. Mo yíjú sí bàbá mi, eékún mi méjèèjì sì ti kanlẹ̀ kí n tó mọ̀. "Rárá, rárá," ni olùkọ́ wí, "díẹ̀ ni, díẹ̀." Mo dìde, mo gbọn yẹ̀rì mi. Fún àga òfìfo, kí orí wálẹ̀; fún bàbá tó bí mi, díẹ̀.

Ó tún ní òfin mìíràn: ẹ kò gbọdọ̀ gbé ojú kúrò lójú ẹnìkejì yín láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Wọ́n tọ́ mi, mo gbọ́ràn. Nígbà tí mo wà ní kékeré, bí bàbá mi bá ń bá mi wí tí mo sì tẹjú mọ́ wọn, wọ́n á ní, "Ṣé o fẹ́ bá mi jà ni?" Nítorí náà bọ́tìnnì kejì ẹ̀wù wọn ni mo ń wò. Mo mọ bọ́tìnnì yẹn bí ẹni mọ owó. Ó ní ihò mẹ́rin, òwú dúdú ni wọ́n sì fi rán an mọ́ ẹ̀wù funfun. Olùkọ́ á kígbe pé, "Ojú, ojú!" N ó gbé tèmi dé àgbọ̀n bàbá mi, n ó sì tún sọ ọ́ kalẹ̀. Obìnrin tí kò ní àgbà nílé ni, mo ní sínú, kí ló mọ̀?

Ó wá kan ọwọ́. Ti ọ̀tún lọ dáadáa. Nígbà tó kan òsì, mo na tèmi pẹ̀lú ìtìjú, ọwọ́ bàbá mi sì gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá, ó di afẹ́fẹ́ mú. A tún un ṣe. Ó tún kọjá. Ẹ ò lè mọ bí inú mi ṣe dùn tó. Mo ní, bàbá mi rèé! Láàárín gbogbo ìranù yìí, wọ́n ṣì mọ ẹni tí wọ́n jẹ́, wọn kò jẹ́ kí ọmọ wọn fún wọn lọ́wọ́ òsì. Láti ọjọ́ náà, àdéhùn tí a kò sọ jáde ló wà láàárín wa. Bó bá ti kan òsì, n ó na ọwọ́ ààbọ̀, tiwọn á gba ibòmíràn, a ó sì yí po láìfọwọ́ kan ara wa. Mo ń yangàn lórí rẹ̀. Òun nìkan ni ohun tó dùn mọ́ mi nínú gbogbo ijó náà.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, mo pe olùkọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, mo fún òun náà ní ẹ̀kọ́. Mo ní ní ilẹ̀ wa, ọmọ kì í fi ọwọ́ òsì fún àgbà ní nǹkan, kì í fi í gbà á, pé a kì í tilẹ̀ fi ọwọ́ òsì júwe ilé bàbá ẹni. Mo ní ọ̀gá ilé ìwé ni bàbá mi, wọn kò lè tìtorí ọba Faransé kan tó ti kú sọ ìwà wọn nù. Mo sọ ọ́ gùn. Ó wò mí títí, ó la ẹnu, ó sì pa á dé. Ó ní, "Ó yé mi." Mo rò pé mo ti bá a wí ni. Mo padà sí igun mi pẹ̀lú ọrùn nínà tó ju èyí tí ijó náà ń béèrè lọ.

Ọjọ́rú tó kẹ́yìn, kí ó tó di ọjọ́ Àbámẹ́ta tí a máa jó fún gbogbo ènìyàn, olùkọ́ pa ẹ̀rọ orin nígbà tí a dé ibi ọwọ́ òsì. Ó rìn wá bá wa. Ohùn rẹ̀ kò le rárá.

"Mo ti ń ronú lórí ohun tí o sọ fún mi," ó ní, "n kò sì fẹ́ ba àṣà yín jẹ́. Ṣùgbọ́n níbi ìyípo yìí, bí o bá lè kọ́kọ́ fi ọwọ́ kan apá ẹ̀wù wọn, wọ́n á mọ ibi tí o wà. Nítorí pé wọn kò rí ọ ní ẹ̀gbẹ́ yẹn."

Mo ní, "Kí lo wí?"

"Ojú òsì wọn." Ó wo bàbá mi, ó wò mí, ojú rẹ̀ sì pọ́n. "Wọ́n sọ fún mi lọ́jọ́ àkọ́kọ́, kí n lè mọ igun tí n ó fi wọ́n sí. Mo rò pé o mọ̀."

Mo gbé ojú sókè. Mo kọjá bọ́tìnnì, mo kọjá àgbọ̀n, mo wo ojú bàbá mi. N kò lè sọ ìgbà tí mo wò ó kẹ́yìn. Ojú ọ̀tún ń wò mí, ẹ̀rù sì wà nínú rẹ̀, ẹ̀rù ọmọ ilé ìwé tí wọ́n ká nǹkan mọ́ lọ́wọ́. Ojú òsì là sílẹ̀, ṣùgbọ́n ibi tí n kò sí ló ń wò. Mo gbé ọwọ́ òsì mi lọ sẹ́bàá etí òsì wọn, mo mì ín. Ojú náà kò ṣẹ́.

Ẹ̀gbẹ́ òsì ni wọ́n ṣubú sí ní bálùwẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ òsì ni wọ́n ṣubú sí ní ṣọ́ọ̀ṣì. Èmi ni mo ń fi oògùn sí ìgbọ̀nwọ́ yẹn láràárọ̀, mo sì ń bi wọ́n bóyá ó ń ta wọ́n, n kò bi wọ́n ní nǹkan mìíràn. Láràárọ̀ ni mo ń kúnlẹ̀ kí wọn, "Ẹ káàárọ̀, sà," bí ó ṣe yẹ ọmọ tí wọ́n bí ire, tí mo sì ń dìde lọ síbi iṣẹ́. Ẹsẹ̀ bàbá mi ni mo ń kí. Bí ẹnikẹ́ni bá ti bi mí nígbà náà, n ó sọ fún un pé kò sí ọmọ tó ń tọ́jú bàbá bíi tèmi ní gbogbo Maryland.

Nípa ọjọ́ ijó fúnra rẹ̀, n kò ní púpọ̀ sọ. Ilé olóko tábà àtijọ́ kan tí ìjọba ń tọ́jú ni wọ́n kó wa lọ. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún wa bí wọ́n ṣe ń pàtẹ́wọ́ fún ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi. Obìnrin ẹgbẹ́ akọrin wá, ó ya fídíò. Mo fi ọwọ́ kan apá ẹ̀wù bàbá mi níbi tó yẹ, wọ́n sì gba ọwọ́ òsì mi. Ijó náà kò tìtorí ìyẹn dára sí i lójú mi.

Lọ́jọ́ Ajé, mo mú wọn lọ sọ́dọ̀ dókítà ojú. Ó tan iná sínú ojú wọn, ó sì pẹ́ níbẹ̀. Ó ní iṣan tó ń gbé ìríran ojú òsì ti kú, kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni lè ṣe sí i mọ́. Ti ọ̀tún ti ń tẹ̀lé e, ṣùgbọ́n oògùn kíkán lè dá a dúró bí wọn kò bá fo ọjọ́ kan. Ó bi mí ìgbà tí mo kọ́kọ́ ṣàkíyèsí. Mo ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Ó gbé ojú kúrò lára kọ̀ǹpútà, ó ní èyí kì í ṣe ohun ọ̀sẹ̀ kan, ó ti pẹ́, pé ká ní a tètè wá ni. Gbogbo ẹ̀gàn tí mo ti ń dà lé olùkọ́ ijó yẹn lórí fún oṣù mẹ́rin, mo gbé e wọ̀ níbẹ̀, ó sì bá mi mu bí ẹni pé èmi ni wọ́n rán an fún. Ọjọ́ kan ṣoṣo ni olùkọ́ náà fi rí ohun tó ń ṣe bàbá mi. Èmi ti ń bá wọn gbé fún ọdún méjì.

A jókòó sínú mọ́tò níwájú ọ́fíìsì dókítà. N kò lè sítáàtì rẹ̀. Fóònù mi ń dún, àbúrò mi ni. Mo pa á.

"Dádì, kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi? Òyìnbó tí ẹ ò mọ̀ rí lẹ lọ sọ fún."

"Òun ló bi mí. Ó ní, 'Sir, can you see me on this side?' Mo sọ òótọ́ fún un."

"Èmi ńkọ́?"

"Ìwọ ò bi mí. Mo wà ní pálọ̀ lọ́jọ́ tí àbúrò rẹ pè. Mo gbọ́ yín. O ní ẹ̀ẹ̀kẹta, o gbà. Mo ní tí ẹ bá wá lọ gbọ́ ti ojú, ẹ ò ní í dúró de ẹ̀ẹ̀kẹta mọ́."

Bàálù kan kọjá lórí wa, a jẹ́ kí ó kọjá tán.

"Ìdí tí mo fi mú ijó yẹn nìyẹn," wọ́n ní. "Níbòmíràn, mi ò mọ ẹni tó ń bọ̀ láti òsì. Nínú ìyẹn, tí mo bá ti kà á pé, mo mọ ibi tí oníkálukú wà. Kò sẹ́ni tó ń kọlù mí." Wọ́n tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì lé orúnkún. "Ṣé ẹ máa gbé mi lọ?"

"Rárá o, Dádì." Ó tètè jáde lẹ́nu mi jù. Gíláàsì iwájú mọ́tò ni mo ń wò nígbà tí mo sọ ọ́.

Apá òsì wọn ni mo wà, ní ìdí ìtọ́kọ̀. Wọ́n fi ọwọ́ wá bẹ́líìtì, wọ́n tú u, wọ́n sì yí gbogbo ara wọn padà lórí àga, díẹ̀díẹ̀, títí ojú ọ̀tún wọn fi rí mi.

"Wò mí," wọ́n ní. "Tún un sọ."

Mo wò wọ́n, mo sì tún un sọ. Wọ́n wò mí pẹ́. Wọn kò sọ pé wọ́n gbà mí gbọ́.